Aṣòfin fẹ́ wá bá ẹgbẹ́ wa jẹun alẹ́ ní Kúbwà: ta ni kó sanwó oúnjẹ?

ÌBÉÈRÈ

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan tí àwa Yorùbá tó ń gbé Kúbwà dá sílẹ̀ láti máa jíròrò ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọmọ APC wà láàárín wa, ọmọ PDP wà, ọmọ Labour wà, àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan náà wà. Lọ́dọọdún la máa ń ṣe àsè alẹ́, a ó pe ẹnì kan tí ará ìlú dìbò yàn pé kó wá bá wa sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣòfin kan láti ìpínlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti wá la kọ̀wé sí, ó sì ti gbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. PA rẹ̀, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, pè wá pé ọ̀gá òun ni yóò san owó gbọ̀ngàn àti owó oúnjẹ, kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Ó tún ní kí a kọ ìbéèrè wa ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Inú àwọn kan ń dùn, àwọn kan ń bínú. Alága wa fẹ́ fún àlejò ní àwo ẹ̀yẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ló kàn wá pẹ̀lú ẹni tí a kì í dìbò fún, nígbà tó jẹ́ pé Abuja la ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

* * *

Akọ̀wé, ẹ má gba owó yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó dáhùn ṣáájú mi ń sọ ni pé owó ìlú ló wà lọ́wọ́ aṣòfin, pé bí a bá jẹ níbẹ̀, tiwa la jẹ. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá. Epo wọ́n, ilé wọ́n, owó tí ẹgbẹ́ ń dá kì í fẹ́ pé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó ìlú lóòótọ́, kò yẹ kó parí sórí àwo jọ́lọ́ọ̀fù ènìyàn bíi mélòó kan ní Kúbwà. Àwọn bàbá wa ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ọ̀rọ̀ náà sì ti ṣẹ lójú mi.

Ẹgbẹ́ tí mo wà ní Lugbe ṣe irú àsè yìí lọ́dún kan. Àlejò ló sanwó gbogbo nǹkan: gbọ̀ngàn, àga, àsun, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, títí dórí ẹni tó ń lu ìlù. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba dìde, ó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Kò tíì parí gbólóhùn kejì tí ẹni tó jókòó tì í fi fa agbádá rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ ọkùnrin yìí ṣì wà lẹ́nu wa.” Bàbá wo àwo iwájú rẹ̀, ó wo àlejò, ó jókòó. Àlejò kò ní kó má béèrè. Àwa fúnra wa la pa á lẹ́nu mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé aṣòfin tó lawọ́ kì í dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò nílò láti dí i. Ẹ̀yin lẹ máa bá a ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ óò sì pè é ní ọmọlúàbí.

Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é nílẹ̀ Yorùbá kí àlejò máa bọ́ onílé? Ẹ̀yin lẹ pè é. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fún un lóúnjẹ, kí awakọ̀ rẹ̀ náà jẹ, kí ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé e náà jẹ. Kí ẹ kàn sọ fún un nínú lẹ́tà iye ènìyàn tí ẹ lè gbà, torí bí ẹ kò bá sọ ọ́, ọkọ̀ mẹ́rin ló máa tẹ̀ lé e wá.

* * *

Ẹnì kan láti Gwarinpa béèrè pé, “Ibo la ó wá ti rówó?” Ìbéèrè gidi ni.

Ẹ dín àsè náà kù. Ohun tó ń pa ẹgbẹ́ kéékèèké ní Abuja ni pé gbogbo wọn fẹ́ ṣe é ní hòtẹ́ẹ̀lì Wuse 2 tàbí Maitama, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹnu àlejò máa dùn sí i bí ilẹ̀ bá ń dán. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé tó. Gbọ̀ngàn ìjọ tó, ti mọ́ṣáláṣí náà tó bí wọ́n bá gbà yín láàyè. Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú kò ju agbára yín lọ, sobo tútù kò ju agbára yín lọ. Kí olúkúlùkù dá iye kan náà. Ẹni tí kò bá ní, kí ẹgbẹ́ bá a fi owó àpò kún un láìdárúkọ rẹ̀ níbi kankan.

Kí akápò wá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, iye tó wọlé àti iye tó jáde, kó sì dìde kà á kí àlejò tó sọ̀rọ̀. A ti dán an wò ní Lugbe lẹ́yìn ọdún tí mo sọ yẹn. Kò gba àkókò púpọ̀ rárá. Ẹgbẹ́ tó ti ka ìṣirò owó ẹ̀lùbọ́ tirẹ̀ síta, ojú kì í tì í láti béèrè owó kànga lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

* * *

Ẹnì kan fèsì pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá, pé oúnjẹ kì í ṣe ìbò.

Ẹ rántí Èkìtì. Lọ́dún 2014 tí Ayọ̀délé Fáyóṣe dé orí àléfà gómìnà, “stomach infrastructure”, ìyẹn kí olóṣèlú máa fi oúnjẹ bọ́ ará ìlú, di ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ìrẹsì pẹ̀lú adìyẹ. Nígbà tí ìbò gómìnà ọdún 2018 fi máa dé, “dìbò kóo sebẹ̀” ni wọ́n ń pè é, owó lọ́wọ́ kan, káàdì lọ́wọ́ kejì. Ẹnikẹ́ni kò jí lójijì lọ́jọ́ ìbò kó máa ta káàdì rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbà pé oúnjẹ ni gbèsè tí olóṣèlú jẹ wọ́n. Àwọn àsè bíi tiwa yìí ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ẹ tún wo Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n ń lò kí ti ọdún 2026 tó dé. Ó fi òdiwọ̀n sí owó tí olùdíje lè ná: ₦100 mílíọ̀nù fún Sẹ́nétọ̀, ₦70 mílíọ̀nù fún ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin, ₦30 mílíọ̀nù fún alága káńsù, ₦5 mílíọ̀nù fún káńsẹ́lọ̀. Ẹ fara balẹ̀ wo ti káńsẹ́lọ̀ yẹn. Gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní wọ́ọ̀dù kan, ẹgbẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní kó wá sanwó àsè, mélòó ni ì bá ṣe nínú ₦5 mílíọ̀nù yẹn kó tó rú òfin? Àwa la ń sọ wọ́n di arúfin, tí a óò tún wá jókòó máa bú wọn pé olè ni wọ́n.

* * *

Kí n tó gbàgbé: ẹ sọ fún alága yín pé kò gbọdọ̀ gba makirofóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó ní “ẹgbẹ́ wa ti fọwọ́ sí ọ fún sáà kejì.”

Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe é, àwọn ènìyàn a sì pàtẹ́wọ́. Abala 221 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú tó forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ wá ìbò fún olùdíje kankan, kò sì gbọdọ̀ dá owó fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí fún ìnáwó ìbò ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ yín kì í ṣe APC, kì í ṣe PDP. Àpapọ̀ aládùúgbò ni yín. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣe ti ẹni tó wù ú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Àti pé, lọ́jọ́ tí alága bá sọ gbólóhùn yẹn, ìdajì ẹgbẹ́ ló máa lọ. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó tú ká báyìí ní Nyanya, wọn ò sì tíì parapọ̀ títí dòní.

* * *

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ yín ló wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo ti wọn lẹ́yìn.

Àwa Yorùbá Abuja ní ìwà kan. Bí a bá fẹ́ pe ẹni ńlá, ti ilé la máa ń pè: ará Kwara pe ti Kwara, ará Ọ̀ṣun pe ti Ọ̀ṣun, Okun pe ti Kogi. Ó rọrùn, torí gbogbo wọn ń gbé Abuja níbí. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: ta ló ń ṣòfin fún títì tí ẹ ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́?

FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú àpapọ̀ tí Abuja wà nínú rẹ̀, kò ní gómìnà. Kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Abala 299 ìwé òfin kan náà fi agbára tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa ń ní sọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀, mínísítà tí Ààrẹ yàn ló sì ń ṣàkóso, ẹnikẹ́ni kò dìbò fún un. Nínú Sẹ́nétọ̀ 109, ẹyọ kan ṣoṣo ni ti FCT. Nínú ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin 360, méjì ni: ọ̀kan fún AMAC (káńsù àárín ìlú Abuja) àti Bwari, ọ̀kan fún Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Kúbwà wà lábẹ́ Bwari. Ẹ̀yin mélòó nínú ẹgbẹ́ yín lẹ lè dárúkọ aṣojú yín láìwo fóònù? Lẹ́yìn wọn, alága káńsù mẹ́fà àti káńsẹ́lọ̀ 62 ló kù. Iye ẹni tí wọ́n ń dìbò yàn fún gbogbo FCT kò ju ìwọ̀nba yìí lọ.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í ronú sí. Ní ìpínlẹ̀ tí a ti wá, àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ ló ń ṣe ìbò káńsù, ẹgbẹ́ tó bá wà nílé ìjọba ló sì sábà máa ń gbá gbogbo ipò lọ. Ní FCT, INEC, àjọ ìdìbò àpapọ̀, fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Nígbà tí INEC kéde èsì ìbò ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2022, mẹ́ta-mẹ́ta ni APC àti PDP pín káńsù mẹ́fà náà. Ìbò káńsù níbí jẹ́ ìbò gidi. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa máa ń jókòó sílé lọ́jọ́ náà, a máa ń ní ìbò kékeré ni.

Kì í ṣe ohun kékeré. Lọ́dún 2025, àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní FCT yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ₦70,000 owó oṣù tuntun tó yẹ kí àwọn káńsù máa san ni gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn ọmọ wa wà nílé. Ẹgbẹ́ Yorùbá mélòó ló pe alága káńsù wá jẹun nínú oṣù mẹ́ta yẹn kí wọ́n bi í léèrè?

* * *

Ìyá kan dá mi lóhùn, ó ní ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, pé Sẹ́nétọ̀ ilé ló máa ń bá wọn kọ lẹ́tà iṣẹ́ fún ọmọ, òun kò sì lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Màmá, mi ò ní kí ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ pè é lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí agbára yín ṣe tó lórí rẹ̀.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Kogi West, níbi tí àwọn ará Okun pọ̀ sí. Wọ́n gbìyànjú láti pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà sílé láti Ilé Aṣòfin Àgbà, ó sì forí ṣánpọ́n lọ́dún 2018. Abala 69 ìwé òfin ní kí ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ní agbègbè náà tó fọwọ́ sí ìwé ìpèpadà, kí INEC sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n tó dìbò lé e lórí. Àwọn tó jáde wá kí wọ́n yẹ ìbuwọ́lù wọn wò kéré jọjọ. Mi ò sọ pé ó yẹ kí wọ́n pè é padà tàbí kò yẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú irú nǹkan báyìí, ẹni tí káàdì rẹ̀ wà ní Kúbwà kò sí nínú òǹkà, bó ti wù kó máa pariwo tó.

Nítorí náà, ní ìpàdé tó máa ṣáájú àsè, kí gbogbo yín mú káàdì ìdìbò yín wá, kí ẹ tò ó sórí tábìlì. Ẹ óò rí ohun tó máa yà yín lẹ́nu. Àwọn kan ṣì forúkọ sílẹ̀ ní Ọ̀fà tàbí Ìkìrun. Àwọn kan ti kó lọ sí Mararaba tàbí Masaka nítorí owó ilé, ìyẹn Nasarawa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín Abuja ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó wà ní Suleja, Niger ni tirẹ̀. INEC gbà kí ènìyàn gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ibi tó ń gbé. Ẹ ṣe ìyẹn ná. Ibi tí káàdì bá pọ̀ sí ni kí ẹ ti wá àlejò.

* * *

Èdè ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kò sí bí òun ṣe máa pe káńsẹ́lọ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá síbi àsè Yorùbá.

Kí ló dé? Ẹ wá ògbufọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yín tó gbọ́ Hausa dáadáa, kó máa túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi là ń gbé. Ó yẹ kí àwọn aládùúgbò wa wà níbẹ̀ pàápàá, méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn lórí tábìlì. Gọ́tà kan náà ló ń kún wọ ilé wa.

* * *

Ó kan ọ̀rọ̀ ìbéèrè. Ibí ni kí ẹ ti ta kú.

PA ní kí ẹ kọ ìbéèrè ránṣẹ́. Àwọn kan ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé kí àlejò lè múra sílẹ̀ ni. Mo gbà díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kọ orí ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: ilé-ìwé, omi, ọjà, àbádòfin. Ẹ má kọ ìbéèrè fúnra rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí bébà wọ̀ ọ́.

Níbi àsè kan ní Gwagwalada, wọ́n pín bébà kéékèèké fún wa kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀. MC fi fìlà kó wọn jọ, ó gbé fìlà náà fún PA. Ọkùnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wù ú, á tò ó sórí tábìlì. Èyí tí kò bá wù ú, á ká a, á tì í bọ àpò káfútáànì rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, àpò náà ti wú. Ìbéèrè tí wọ́n wá kà síta ni “Kí ni ọ̀rọ̀ ìyànjú yín fún àwọn ọ̀dọ́?” àti “Ta ni ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe?”

Ẹ fi ẹnu béèrè. Kí ẹni tó fẹ́ béèrè dìde, kó gba makirofóònù, kó sọ ìbéèrè kan ṣoṣo, kó sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí àlejò fi dáhùn. Dídúró yẹn ṣe kókó. Ẹni tó bá ti jókòó ti gbà pé wọ́n ti dá òun lóhùn.

Mo rántí obìnrin aláṣọ kan ní ibòmíràn. Káńsẹ́lọ̀ ni àlejò ọjọ́ náà. Obìnrin yìí ní, “Ẹ̀ ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa láràárọ̀. Ta ló yẹ kó kó ìdọ̀tí ọjà?” Káńsẹ́lọ̀ ní iléeṣẹ́ mìíràn ni. Obìnrin náà kò jókòó. Ó ní, “Ẹ ti kọ̀wé sí wọn?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. “Lọ́jọ́ wo?” Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Káńsẹ́lọ̀ yọ fóònù rẹ̀, ó ní òun máa kọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, òun á sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Ó fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ kíkó ìdọ̀tí wà lára iṣẹ́ tí Àfikún Kẹrin ìwé òfin kà sílẹ̀ fún káńsù, pẹ̀lú ọjà, ibùdókọ̀ àti itẹ́ òkú. Ká ní obìnrin yẹn mú abala yẹn dání ni, ìbá tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ aṣòfin àpapọ̀ lẹ pè, ẹ má béèrè títì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kọngílá ni. Ẹ béèrè àbádòfin. Á ní òun ti gbé ogún wá. Ẹ ní, èwo ló dé kíkà kejì? Kíkà àkọ́kọ́ kò ju kí akọ̀wé ilé ka àkọlé rẹ̀ lọ, wọn kì í jíròrò lé e lórí. Kíkà kejì ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀, lẹ́yìn náà kíkà kẹta. Ọ̀pọ̀ àbádòfin ló máa ń sùn sí kíkà àkọ́kọ́ títí sáà yóò fi parí.

Bó bá sì ní òun gbẹ́ kànga, òun tan iná ojú títì, ẹ bi í pé: inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún wo ló wà, iléeṣẹ́ ìjọba wo ló gbé iṣẹ́ náà síta, ta ló gbà á? Owó iṣẹ́ àkànṣe agbègbè kì í gba ọwọ́ aṣòfin kọjá, iléeṣẹ́ ìjọba ló ń san án. Aṣòfin lè yan ibi tí kànga máa wà, àmọ́ owó orí wa ló gbẹ́ ẹ. ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, ti ń tọ ipasẹ̀ irú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí láti ọdún 2019. Bí kò bá lè dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí akọ̀wé kọ lẹ́tà lábẹ́ FOI, òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, sí iléeṣẹ́ tó bá dárúkọ. Òfin ọdún 2011 yẹn fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì, kò sì sí pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè.

* * *

Àwo ẹ̀yẹ: ẹ fi sílẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kọ sára rẹ̀ nígbà tí kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan? Tí ẹ bá fẹ́ fún un ní nǹkan, aṣọ òkè tàbí àwòrán, ẹ mọ̀ pé Ìlànà Ìwà Òṣìṣẹ́ Ìjọba tó wà nínú Àfikún Karùn-ún ìwé òfin ka ẹ̀bùn tí wọ́n bá fún un ní gbangba sí ti ilé iṣẹ́ tó ń ṣojú, kì í ṣe tirẹ̀.

Nínáwó lé àlejò lórí ńkọ́? Rárá. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ọdún 2007, abala 21, ka nínáwó lé ènìyàn lórí àti títẹ náírà mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Wọ́n rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Bí onílù bá wá, ẹ fún un lówó nínú àpòòwé kó tó bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà, ó sì ń dùn mí. Ta ló ń se oúnjẹ?

Ní gbogbo ẹgbẹ́ tí mo mọ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ló máa ń wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn pẹ̀lú kúlà nígbà tí àlejò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n dá owó bíi ti gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní káàdì bíi ti gbogbo ènìyàn. Tí wọ́n bá fi nu ọwọ́ tán tí wọ́n wọlé, ìbéèrè ti parí. Àwọn gan-an ló mọ iye tí omi tánkà jẹ́, àwọn ló mọ ọjọ́ tí olùkọ́ kò wá. Ẹ gbé oúnjẹ fún alásè tó ń ta á, kí ẹ sanwó rẹ̀, kí àwọn obìnrin yín jókòó síwájú. Ẹni tó bá ní owó kò tó, kí ó yọ ẹran kan kúrò nínú àwo ọkùnrin.

Ìdí nìyẹn tí mo tún fi ń sọ pé kí ìbéèrè ṣáájú item 7, ìyẹn oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ àlejò, ogún ìṣẹ́jú. Ìbéèrè, wákàtí kan. Oúnjẹ lẹ́yìn náà. Àwọn kan ní ebi máa pa ènìyàn. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín àti omi tútù gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ sì kíyè sí ọjọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni àwọn aṣòfin máa ń jókòó. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti wà lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Ẹgbẹ́ tó bá yan Sátidé máa ń rí aṣojú aṣojú. Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun dára jù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Kúbwà bá ti lọ sílẹ̀.

* * *

Akọ̀wé ti padà wá. Ó ní òun sọ fún PA pé ẹgbẹ́ máa sanwó ara rẹ̀, PA sì bínú, ó ní “ẹgbẹ́ kékeré bíi tiyín” kò lè máa fi òfin lélẹ̀ fún ọ̀gá òun, pé ó ṣeé ṣe kó má wá mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn bà yín lọ́kàn jẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1950, nílẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú NPC ti rinlẹ̀, Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ gba àkóso káńsù Ìlọrin. Wọ́n pe ara wọn ní tálákà ní gbangba, wọ́n sì bá ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ṣe. Ẹgbẹ́ kékeré ni gbogbo ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà kejì sí aṣòfin náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe PA, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ nílé aṣòfin, kí ẹ gba òǹtẹ̀ lórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: pé ẹ ti pèsè oúnjẹ fún un àti fún ẹni mẹ́ta tó bá tẹ̀ lé e, pé ìbéèrè máa wáyé láti ẹnu ọmọ ẹgbẹ́ fún wákàtí kan, pé ẹgbẹ́ kò ní fọwọ́ sí olùdíje kankan, pé aago méje ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó fèsì.

Lọ́jọ́ kan náà, ẹ kọ irú rẹ̀ sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín àti alága káńsù Bwari. Èyí tó bá kọ́kọ́ fèsì pé òun gbà bẹ́ẹ̀, òun ni àlejò yín. Bí aago mẹ́jọ bá lù tí kò tíì dé, kí akápò ka ìṣirò, kí ẹ ka àwọn ìbéèrè náà sétí ara yín, kí akọ̀wé kọ wọ́n sínú ìwé ìpàdé, kí ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ àti ìbuwọ́lù gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.